Wọ́n Ní Tíìpù Wà

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ wéítà ní ilé oúnjẹ kan ní G.R.A. Ìkẹjà, mánéjà kò fi ọ̀rọ̀ owó oṣù falẹ̀ rárá. Ó dárúkọ iye kan. Mo ṣírò ẹ̀ lọ́kàn mi: owó ọkọ̀ láti Abúlé Ẹ̀gbá, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Ohun tó máa ṣẹ́ kù kò lè sanwó ilé, ká má tíì sọ pé èèyàn fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀. Ó rí i lójú mi. Ó ní, "Àbúrò, má wo ìyẹn jàre. Tíìpù wà. Àwọn kan wà níbí tó jẹ́ pé wọn kì í fọwọ́ kan owó oṣù wọn."

Tíìpù, owó tí oníbàárà bá fún wéítà lẹ́yìn oúnjẹ, wà lóòótọ́, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Àwọn alẹ́ Fúráìdé kan wà tí mo mú lọ sílé ohun tí ọ̀gá mi máa fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko san fún mi. Túsìdeè náà wà tí mo fẹsẹ̀ rìn láti ẹ̀bá títì dé ilé nítorí kò sí owó kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó pọ̀ tàbí pé ó kéré ló ń bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ti yọ́ kúrò láàárín, ó fi èmi àti oníbàárà sílẹ̀ ká máa wo ara wa lójú. Oníbàárà ń rò pé alágbe ni mí. Èmi ń rò pé ahun ni. Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì lókè, ó ń ka owó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bíìlì fún ẹni tí kò bá tíì fara balẹ̀ wò ó rí. Bó ṣe rí nígbà tí mo wà níbẹ̀ ni mò ń sọ. Ká ní oúnjẹ àti ohun mímu yín jẹ́ ₦40,000. VAT ti ìjọba àpapọ̀ máa kọ́kọ́ gorí ẹ̀, ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún (márùn-ún ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi kún un lóṣù kejì ọdún 2020). Ìyẹn jẹ́ ₦3,000. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní owó tirẹ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹun ní ilé oúnjẹ tàbí tó sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, òfin ọdún 2009 ló gbé e kalẹ̀, ìdá márùn-ún: ₦2,000. Ilé oúnjẹ tiwa á wá fi service charge (owó ìtọ́jú oníbàárà) lé e, ìdá mẹ́wàá: ₦4,000. Ẹ jẹun ₦40,000, ẹ ó san ₦49,000. Lẹ́yìn náà lèmi á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, màá máa rẹ́rìn-ín, màá máa retí pé kẹ́ ẹ tún fún mi ní nǹkan.

Ẹni tó bá rí service charge nínú bíìlì, ó tọ́ kó gbà pé òun ti san owó ẹni tó gbé oúnjẹ fún òun. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Bàbá kan wá pẹ̀lú ìyàwó wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ka bíìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi bírò tọ́ka sí ìlà yẹn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé tìẹ nìyí?" Mo wo sùpáfáísọ̀ tó dúró nídìí báà. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ilé iṣẹ́ ló ni ín." Wọ́n ní, "Ilé iṣẹ́ ló gbé abọ́ wá?" Wọ́n fi bírò fagi lé e, wọ́n ka ₦45,000 sínú fódà bíìlì, wọ́n wá ka ₦4,000 lọ́tọ̀, wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Ìyàwó wọn ń sọ pé "Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ṣùgbọ́n inú tiwọn ń dùn. Wọ́n gbà pé àwọn ti gbèjà mi.

Wọn ò tíì wọ mọ́tò tán tí mánéjà fi pè mí. Owó bíìlì kò pé, àbí? Kí n gbé ₦4,000 yẹn wá ká fi dí i. Mo gbé e sílẹ̀.

Ẹ má rò pé service charge yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ wa rárá o. Oṣù mìíràn, wọ́n á pín díẹ̀ fún wa. Oṣù mìíràn, wọ́n á ní àwọn ti yọ owó gíláàsì tó fọ́, owó fọ́ọ̀kì tó sọnù, owó tábìlì kan tí wọ́n jẹun tí wọ́n sá lọ. Kò sẹ́ni tó rí àkọsílẹ̀ ẹ̀ rí. Gíláàsì tó ń fọ́ nílé oúnjẹ yẹn pọ̀ ju èyí tá a ní lọ.

Tíìpù ọwọ́, èyí tí oníbàárà bá fún èèyàn gan-an, ní òfin tirẹ̀. Ike bọ́tà ńlá kan wà lẹ́yìn káńtà, inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, lóru la máa ń pín in. Àwa tá à ń gbé oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀, kíṣìn ń gba díẹ̀, ẹni tó wà nídìí báà ń gba tirẹ̀. Bàbá tó ń fọ abọ́ ló ń gba èyí tó kéré jù lọ, torí kò sí oníbàárà tó mọ̀ pé ó wà láyé. Àwọn kíṣìn ò gbà. "Ta ló se é? Ṣé ẹ̀rín yín ni wọ́n jẹ ni?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, a kàn ń ṣe bíi pé a ò gbọ́ ni. Ẹlòmíràn á ká ₦1,000 sínú ìbọ̀sẹ̀ kó tó dé ìdí ike. Nígbà tó yá, sùpáfáísọ̀ ní ká máa yí àpò wa síta ká tó lọ sílé. Àgbàlagbà, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, á dúró lójú gbogbo wa, á fa àpò ṣòkòtò ẹ̀ síta kí wọ́n rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Lórí owó tí ọ̀gá ò san!

Iṣẹ́ yẹn máa ń kọ́ èèyàn ní wíwo ojú, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tó dáa. Kí oníbàárà tó jókòó lo ti máa wo bàtà ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó gbé ka tábìlì, bó ṣe pe orúkọ ọtí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pariwo dáa. Ẹni tó dá wá, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tó fẹ́ jẹ àmàlà abọ́ kan pẹ̀lú omi, a ó júwe tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ká ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní owó oṣù gidi kò lè ṣe é kó má ṣe é. Bó bá jókòó ti ẹni tó máa fún un ní ₦200, ẹni tó máa fún un ní ₦5,000 á ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èyí tó dùn mí jù nínú àwọn ìgbàgbọ́ wa ni pé obìnrin kì í fúnni ní tíìpù. Àwa obìnrin tá à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an ló ń sọ ọ́ kíkankíkan jù. Tí obìnrin mẹ́ta bá wọlé, oníkálùkù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Wọ́n á jókòó títí. Wọ́n á nawọ́. Ìgbà tí ẹnì kan bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, inú ti ń bí wọn. Oúnjẹ á pẹ́, omi á gbóná. Wọ́n á san iye tó wà nínú bíìlì géérégé, wọ́n á dìde. A ó wá yíjú síra wa: "Ẹ ò rí i? Mo sọ!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba tábìlì àwọn obìnrin fúnra mi nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí àrà kan níbẹ̀. Mo kàn ń tètè dé ọ̀dọ̀ wọn ni, wọ́n sì ń fúnni bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fúnni, àfi pé wọn kì í fi nọ́ńbà tẹlifóònù sí i.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tẹlifóònù yìí, ó yẹ kí n sọ ọ́ dáadáa. Bọ̀dá kan ń wá ní alaalẹ́ Tọ́sìdeè. Tọ́kì àti ọtí bíà ni tiwọn. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi ₦5,000 sábẹ́ gíláàsì, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rìsíìtì. Mo kó owó, mo ju rìsíìtì nù. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé nǹkan fún àwọn, èmi ni kí wọ́n máa pè. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ gba káàdì wọn kí n lọ gbé POS wá, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọn ò dì í le. Wọ́n kàn dì í mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé o mọ iye tí mo ti ná lé ẹ lórí?"

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́ kejì. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bọ̀dá yìí ń ka owó yẹn bí gbèsè. Èmi ń kà á sí owó iṣẹ́ mi, àwọn ń kà á sí owó orí mi. Kò sì sí ẹni tó lè yanjú ẹ̀ láàárín wa, torí kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ohun báyìí ni owó náà wà fún. Mo lọ bá mánéjà. Ó ní, "Ṣáà máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Oníbàárà wa ni wọ́n. Ẹ̀rín ò ju ẹ̀rín lọ." Ó rọrùn fún un láti sọ, òun kọ́ ló ń rín in. Ká ní owó oṣù mi tó mi jẹ ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí nọ́ńbà yẹn jáde ni mi ò bá ti dá ₦5,000 padà. Bọ̀dá Ṣéyí, wéítà tó ti pẹ́ jù lọ láàárín wa, ló bá mi pààrọ̀ tábìlì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè láti ìgbà náà. Bọ̀dá onítọ́kì ṣì ń wá. Wọn ò fún Bọ̀dá Ṣéyí ní kọ́bọ̀ rí.

Ìyá mi ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà Òkè-Odò. Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún wọn, kì í ṣe bí owó oṣù ṣe kéré ló yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, "Dúró ná. Ẹni tó wá rajà lọ́wọ́ yín, òun náà ló tún máa ṣe èènì fún yín?" Ní tiwọn, tí wọ́n bá wọn kóńgò gàrí tán, wọ́n á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Tí wọ́n bá gbàgbé, oníbàárà á na àpò síta, á ní, "Ìyá, èènì mi ńkọ́?" Ọwọ́ ọlọ́jà ni èènì ti ń wá, ó ti wà nínú èrè tó ṣírò kó tó jókòó sídìí ọjà, ohun tó sì ń fà oníbàárà padà lọ́la nìyẹn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé àwọn òyìnbó ló ń ṣe é báyìí, pé ìwà àwọn ọlọ́làjú ni. Ìyá mi ní, "Kí ọlọ́làjú san owó ọmọ mi fún un." Wọ́n ń wọn gàrí lọ.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n ní títí di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ni owó àtijọ́ fi máa wúlò, wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ní lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná an. Gbogbo wa la rántí ìyà tó wà láàárín ẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú ilé oúnjẹ, mi ò rò pé ọ̀pọ̀ oníbàárà mọ̀. Kò sí kaaṣì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà wọ́n á ní, "Fi ₦2,000 kún un lórí POS, tìẹ ni o." Inú àkáǹtì ilé iṣẹ́ ló ń lọ tààrà. Akáwó ní òun ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ nínú ìwé kan. Nígbà tí oṣù parí, ohun tó kàn wá kò jọ ohun tá a gbọ́ létí wa. Wọ́n ní báǹkì ti yọ tiwọn, wọ́n ní àwọn kan lára ẹ̀ ò wọlé.

Àwọn kan nínú wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà àkáǹtì ara wọn sínú fódà bíìlì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, fínnífínní, níbi tí oníbàárà nìkan á ti rí i. Wọ́n mú ọ̀kan. Wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní olè ni. Mo ronú sí i títí. Owó tí ọlọ́wó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé ti ọmọ yìí ni, ọmọ yìí wá gbà á, òun ni olè. Ẹni tó gbé e sínú àkáǹtì ara ẹ̀ tí kò pín in, òun ni ilé iṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023. Epo tí kò tó ₦200 fún lítà kan ní Èkó kọjá sí nǹkan bíi ₦500. Owó dánfó ń gòkè, ọ̀gá ń fi kún owó oúnjẹ, owó oṣù wa dúró síbi tó wà. Tíìpù ló kọ́kọ́ dín kù. Ta ló máa dá àwọn oníbàárà lẹ́bi? Tí nǹkan bá le, èyí tí kò sí òfin tó ní kéèyàn san lèèyàn máa kọ́kọ́ gé kúrò. Orí ìyẹn gan-an ni wọ́n ní ká gbé ìgbésí ayé wa lé.

Nígbà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, ní ìparí oṣù keje ọdún 2024, tí ìjọba Èkó tún kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lóṣù kẹwàá, a kó ara wa jọ, a lọ bá ọ̀gá. Ohùn pẹ̀lẹ́ la fi lọ. Ọ̀gá tẹ́tí gbọ́ wa, wọ́n ní ká jókòó, wọ́n tiẹ̀ ní kí wọ́n gbé ohun mímu fún wa. Wọ́n wá ṣàlàyé pé òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, ti ọdún 2019, kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25. Òótọ́ ni, ó wà nínú òfin náà. Ẹ̀ka méjì ni ilé oúnjẹ náà ní, wọ́n fi orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ forúkọ sílẹ̀, kò sí èyí tó pé 25 nínú wọn. Wọ́n tún ní ìwé tá a fọwọ́ sí nígbà tá à ń wọṣẹ́ sọ pé òṣìṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ ni wá, òfin yẹn náà kò kan irú wọn. Láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀ la máa ń wà níbẹ̀ títí di òru. Kí la tún fẹ́ sọ? A mu ohun mímu wa.

Mánéjà fẹ́ràn láti máa sọ pé bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn, pé tíìpù ni àwọn wéítà ń jẹ níbẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ṣe iṣẹ́ yìí ní Houston. Mo bi í. Ó ní òótọ́ ni: òfin àpapọ̀ wọn gbà kí ọ̀gá san dọ́là méjì àti séǹtì mẹ́tàlá péré fún wákàtí kan fún ẹni tó ń gba tíìpù, iye yẹn ò sì tíì yí padà láti ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ kù o. Tí tíìpù bá wá sílẹ̀ tí kò gbé owó náà dé dọ́là méje àti séǹtì márùn-dín-lọ́gbọ̀n fún wákàtí kan, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ fi ìyókù kún un. Ó ní àwọn kan ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èèyàn lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Mi ò rò pé ètò tiwọn dáa. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò fẹ́ràn ẹ̀. Mo kàn rí i pé mánéjà mú apá tó wù ú nínú ẹ̀ wá sí Ìkẹjà, ó fi apá kejì sílẹ̀ ní Houston.

Mo kúrò níbẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. Oúnjẹ òde ni mò ń sè báyìí: ìkómọ, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó tí kò tóbi púpọ̀. Èyí ti wá sọ mí di ẹni tí wọ́n ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò sì ní í sọ pé ó dùn mọ́ mi. Tí mo bá gbé kúlà dé gbọ̀ngán ayẹyẹ kan ní Agége lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó wà ní géètì á ní, "Mọ́mì, ọmọ yín rèé o." Ẹni tó ń júwe ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí, níbi tó jẹ́ pé àyè kan ṣoṣo ló wà, á na ọwọ́. Ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ á wá kí mi kú iṣẹ́. Ní báǹkì, sẹkúrítì á sá wá ṣílẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra ẹ̀, "Ẹ kú wíkẹ́ńdì, mà." Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni. Inú máa ń bí mi. Mo mọ ibi tó ti ń ṣàn wá, síbẹ̀ inú máa ń bí mi.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fún ẹni tí mo bá rí iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá bá mi gbé kúlà gun àtẹ̀gùn, mi ò ní í dúró kó tó tọrọ. Ìyá tó ń tọ́jú ilé ìtọ̀, tó ń gbá a, tó ń pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, mo máa ń fún un. Ẹni tó bá kàn ń kí mi, màá kí i padà dáadáa, màá wọ ọkọ̀ mi. Àwọn kan máa ń bú mi lẹ́yìn. Kò burú.

Ti òde àríyá tún burú ju ti ilé oúnjẹ lọ. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ á ti mọ tábìlì tó lówó, ibẹ̀ ni wọ́n á máa gbé ẹran ńlá lọ, ibẹ̀ ni ọtí tútù wà. Ìyá àgbà tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí ìnáwó ọmọ wọn á wà ní igun, wọ́n á ní "ó ń bọ̀, mà, ó ń bọ̀" títí wọn ó fi tú tẹ́ǹtì. Lójú tèmi, ìwà ìkà ni, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ yẹn léèrè iye tí kéètárà fún wọn kẹ́ ẹ tó bú wọn. Àwọn kan wà tí wọn kì í san nǹkan kan fún wọn rárá. Wọ́n á ní kí wọ́n wá, ìnáwó ńlá ni, àwọn àlejò máa ṣe wọ́n lóore. Àwọn ọmọ náà ló ń fi owó ara wọn ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n wọ̀.

Ní tèmi, alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń sanwó, kí n tó di kúlà mi. ₦15,000 lẹ́nìkan, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó bá ti kọjá aago mẹ́wàá. Wọn ò gbọdọ̀ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àlejò, orí tábìlì tó wà lẹ́yìn pátápátá ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ. Tí àlejò bá fún wọn ní nǹkan láti inú ọkàn ẹ̀, tiwọn ni, mi ò ní ike bọ́tà. Wọ́n ń gba nǹkan dáadáa, ká má parọ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun ń gbádùn owó náà báyìí torí òun kì í retí ẹ̀.

Èyí máa ń jẹ́ kí iye tí mò ń dá lé iṣẹ́ mi ga ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, mo sì ti pàdánù iṣẹ́ nítorí ẹ̀. Àǹtí kan ní Ìyànà Ìpájà wo bíìlì tí mo kọ fún wọn, ọgọ́rùn-ún àlejò, wéítà márùn-ún, wọ́n ní, "₦75,000 fún kí wọ́n gbé àwo? Yọ ìyẹn kúrò. Àwọn àlejò mi kì í ṣe ahun, wọ́n á fún wọn." Mo ní, "Àǹtí, ṣé kí n yọ owó adìẹ náà, kí àlejò máa mú tiwọn bọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Mo ṣì ń kọ owó wọn sí ìlà tirẹ̀ nínú bíìlì, mi ò fi pa mọ́ sínú owó ìrẹsì bí ẹnì kan ṣe gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tó bá ní kí n dínwó, a ó jọ wo iye àlejò, a ó wò ó bóyá ẹran màlúù lè rọ́pò adìẹ, a ó wo mọ́ínmọ́ín. A kì í nájà lórí ìlà yẹn. Ìyàwó kan tí mo ṣe bíìlì fún lóṣù tó kọjá béèrè ohun tó jẹ́, mo ṣàlàyé, wọ́n ní ó dáa, kí n tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn àna àwọn. Mo kọ ọ́. Oṣù Kejìlá ni ìnáwó náà, ní Agége. Mo ti pe àwọn ọmọ márùn-ún tó máa bá mi lọ, ó ku kí n wá ẹni tó máa fọ abọ́.